Ta Ni Yóò Bá A Jókòó? Ìtàn Bárakú àti Ìwòsàn Rẹ̀ ní Etíkun Wa

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè ìyá kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí a parí àsàlátù ní Aradagun, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, ìyá kan dìde láàrin àwọn obìnrin. Ẹja yíyan ni ó ń tà. Ó ní: "Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin bàbá, ọmọ mi ti dé láti ọsibítù. Oṣù mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀. Kò mu igbó mọ́, kò mu kódíìnì mọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó máa dá wà. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ lọ sí ọjà kí a tó jẹun. Àwọn tí wọ́n jọ ń mu ún tẹ́lẹ̀ ti ń wá súfèé lẹ́yìn fèrèsé. Ta ni yóò bá mi jókòó tì í?"

Gbogbo ilé dákẹ́. Nígbà tí ó yá, bàbá kan wúkọ́, ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti máa ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de irú wọn, kí ojú rẹ̀ lè wálẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kò sí ẹnìkan nínú wa, èmi pẹ̀lú, tí ó dáhùn ohun tí ìyá náà bèèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo lọ tú ìwé ìtàn wò, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Láti nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà mẹ́ta ni a ti gbà bá ẹni tí nǹkan ti di bárakú fún lò ní etíkun yìí: a tà fún un, a jẹ ẹ́ níyà, tàbí a bá a jókòó.

Ọjà tí ó ti òkun dé

Kí a tó dá ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a rántí bí nǹkan wọ̀nyí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹmu kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Ègùn àti Àwórì, nítorí ọ̀pẹ pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà òwò ẹrú, ohun tí ó lágbára ju ẹmu lọ ti òkun dé. Àgbádárìgì, tí kò jìnnà sí Aradagun, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èbúté tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ. Kì í sì í ṣe ìbọn àti aṣọ nìkan ni òyìnbó kó wá fi ra ènìyàn. Ó kó tábà wá pẹ̀lú.

Tábà náà wá láti Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí òwò yìí, ṣàlàyé rẹ̀ kínníkínní. Èyí tí ó dára nínú tábà Bahia, ilẹ̀ Potogí ni wọ́n ń kó o lọ. Ti ipò kẹta, ewé tí ó fàya tí ó sì kéré, ni ó kù fún wa. Wọ́n á wé e bí okùn, wọ́n á fi oyin ìrèké pa á lára kí ó má baà gbẹ. Oyin yìí gan-an ni ó sọ ọ́ di ààyò àwọn ará etíkun. Ní Ouidah, ní Pọ̀tọ̀nóvò, ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, ọkọ̀ tí kò bá kó tábà Bahia wá yóò pẹ́ kí ó tó rí ẹrú rà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: ewé tí àwọn tí ó gbìn ín kò kà sí ni a ń gbà, tí a sì ń fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Nígbà tí òwò ẹrú dópin tí òwò epo pupa sì gba ipò rẹ̀, ọtí jíìnì ni ó kún inú ọkọ̀. Láti Rotterdam àti Hamburg ni wọ́n ti ń kó o wá. Ní ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní kí ọtí líle má ṣe wọ àwọn apá Áfíríkà tí kò tíì dé. Ní etíkun wa tí ó ti dé tipẹ́, owó ibodè nìkan ni wọ́n ní kí ìjọba máa gbà lórí rẹ̀. Owó yìí sì dùn mọ́ ìjọba. Láàrin 1900 sí 1910, owó ibodè lórí ọtí jẹ́ ọ̀kan nínú òpó ńlá tí ìjọba Gúúsù Nàìjíríà fi ẹ̀yìn tì. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ti ìjọ Áńgílíkà pariwo títí pé ọtí náà ń ba ènìyàn jẹ́. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1909 parí rẹ̀ sí pé kò sí ẹ̀rí pé ọtí ń ba ìran wa jẹ́. Ó di ọdún 1919, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, kí àdéhùn mìíràn tó fi òpin sí ọtí olówó pọ́ọ́kú yẹn.

Ṣé ìyẹn wá pa ẹnu àwọn ọ̀mùtí dé? Rárá o. Láti nǹkan bí ọdún 1930, nígbà tí owó epo wálẹ̀ tí jíìnì òyìnbó sì wọ́n, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹmu pọn ọtí tiwọn nínú igbó. Ògógóró ni a pè é. Lódì kejì ibodè, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, sódábì ni wọ́n ń pè é, láti ara orúkọ ìdílé ọkùnrin kan tí ó bá Faransé ja ogun àgbáyé kìíní. Ìjọba amúnisìn ń mú àwọn tí ń pọn ògógóró, ó ń jù wọ́n sẹ́wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba owó ibodè lórí ọtí tí ó ti ìlú òyìnbó wá.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹni tí ó tà jèrè, ẹni tí ó gba owó ibodè jèrè, kò sì sí èyí tí ó bi ẹni tí ń mu ún léèrè pé báwo ni ara.

Ẹ̀wọ̀n àti ìbọn

Ọ̀nà kejì ni ìyà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n bá òyìnbó jà ní Bọ́mà nígbà ogun Hitler ni wọ́n mú irúgbìn igbó dé láti ìhà Íńdíà. Èyí ó wù kí ó jẹ́, nígbà tí ó fi máa di ọdún 1960 sí 1965, igbó ti tàn ká Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn.

Ìjọba ológun ṣe Òfin 19 ní ọdún 1966. Ẹni tí ó bá gbin igbó lè fojú ba ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ẹni tí ó bá mu ún náà yóò pẹ́ lẹ́wọ̀n. Ní 1975 wọ́n dín ìyà ẹni tí ń mu ún kù. Ní 1984 ìjọba ológun mìíràn ṣe Òfin 20, ikú sì di ìyà ẹni tí ń ṣòwò oògùn olóró. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta ní Èkó lábẹ́ òfin yìí. Ariwo sọ káàkiri ayé, nítorí pé òfin náà nawọ́ sẹ́yìn mú ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ti wáyé kí ó tó dé. Ní 1986 wọ́n yí ìyà ikú náà padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ní òpin ọdún 1989 ni wọ́n ṣe òfin tí ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ láti gbógun ti oògùn olóró.

N kò sọ pé kí òfin fi ẹni tí ń ta májèlé fún ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ o. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé: ṣé ìyà wo ẹni tí ń mu ún sàn? Àjọ ìṣirò ti Nàìjíríà àti àjọ UNODC ti ìṣọ̀kan àgbáyé ṣe ìwádìí tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Wọ́n rí i pé láàrin ọdún kan, mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ni ó lo oògùn olóró tàbí tí ó ṣi oògùn ọsibítù lò. Wọn kò tilẹ̀ ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó tó ènìyàn 33 nínú 100. Nínú mẹ́rin tí ń lò ó, ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Nínú márùn-ún, ó ti di àìsàn sí ẹnìkan lára. Ní òpin oṣù Kẹrin ọdún 2018, ìjọba fi òfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tí ó ní kódíìnì àti kíkó rẹ̀ wọlé. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ yàrá lọ jókòó ti ẹni tí ara rẹ̀ ń béèrè fún kódíìnì ní òru.

Abúlé Aro

Ọ̀nà kẹta wá wà. Kò sì ti òkun dé, ní Abẹ́òkúta ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ní ayé òyìnbó, ilé tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dàrú sí kò yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ṣí ti Yábàá ní ọdún 1907, wọ́n sì ṣí ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta ní 1944. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀, ẹbí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, padà dé, wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn titun tí wọ́n ń kọ́ ní Aro. Ilé náà kò tíì parí. Lambo kò dúró de kọ́lékọ́lé. Ní ọdún 1954 ó lọ bá àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé bí ayálégbé.

Àdéhùn kan ni kò yẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, gbọ́dọ̀ bá a wá. Onítọ̀hún ni yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa mú un lọ sí ọsibítù láàárọ̀. Bí ó bá gba ìtọ́jú tán, yóò padà sí abúlé, yóò bá wọn ṣiṣẹ́ oko, yóò bá wọn lọ sí ọjà, yóò bá wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn nọ́ọ̀sì sì ń lọ wò wọ́n nílé. Ọsibítù ran àwọn onílé lọ́wọ́ láti tún ilé ṣe, wọ́n sì rí omi tí ó dára. Lambo kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù, ó fi wọ́n ṣe alábàáṣiṣẹ́. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè ń wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lambo fúnra rẹ̀ di igbákejì olórí àjọ ìlera àgbáyé kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì kú ní ọdún 2004.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe nítorí igbó àti ọtí nìkan ni wọ́n fi dá abúlé náà sílẹ̀. Àìsàn ọpọlọ lóríṣiríṣi ni. Ṣùgbọ́n Lambo àti Dókítà Tolani Asuni, tí ó di olórí Aro lẹ́yìn rẹ̀, rí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí igbó ti ṣe léṣe, àwọn méjèèjì sì kọ̀wé lé e lórí láàrin 1964 àti 1965. Lónìí Aro ní ẹ̀ka tí ó dá dúró fún ìtọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Ẹ̀kọ́ tí ó ti ọdún 1954 wá ni pé oògùn dókítà lásán kò tó. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ gbà á sílé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Mẹ́dínà

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ yìí kò yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa. Gbogbo wa mọ̀ pé Ọlọ́hun kò sọ ọtí di èèwọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni, ó wà nínú Súrátù Bàkárà, nínú Súrátù Nísáì àti nínú Súrátù Máídà. Àkọ́kọ́ sọ pé aburú rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Èkejì ní kí a má fi ọtí lójú sún mọ́ ìrun. Ẹ̀kẹta ni ó kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ọlọ́hun tí ó dá wa mọ̀ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Nígbà tí àṣẹ ìkẹyìn sì dé, Ánásì ròyìn pé òun ń bu ọtí fún àwọn àlejò lọ́wọ́ nígbà tí olùpè dé. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù, ó sì ń ṣàn ní ìgboro Mẹ́dínà. Ẹ kíyè sí i: gbogbo àdúgbò ni ó da tirẹ̀ nù lọ́jọ́ kan náà. Kò sí ẹni tí a fi sílẹ̀ kí ó máa dá jà nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń mu ún lẹ́yìn fèrèsé.

Síbẹ̀, ẹnìkan wà tí kò lè fi í sílẹ̀. Ìwé Bùkárì sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó máa ń pa Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) lẹ́rìn-ín. Ó ń mutí, wọ́n ń mú un wá, wọ́n ń nà án, ó sì tún ń padà mu ún. Nígbà tí ẹnìkan ṣẹ́ èpè fún un, Ànábì kọ̀, ó ní kí wọ́n má ṣẹ́ èpè fún un, nítorí pé ó fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Nínú ìròyìn mìíràn, ó ní kí wọ́n má ṣe ran èṣù lọ́wọ́ lórí arákùnrin wọn. A kò fi ìyà náà pa mọ́, ìtàn sọ pé wọ́n nà án. Ṣùgbọ́n nínà náà kò gba ipò arákùnrin lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Àwọn mìíràn ní ayé náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nígbà tiwọn. Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, oníṣòwò kan, Bill Wilson, àti dókítà kan, Bob Smith, tí ọtí ti fẹ́ pa àwọn méjèèjì, rí i pé bí ọ̀mùtí kan bá jókòó ti èkejì tí wọ́n jọ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì a máa lè yẹra fún ọtí. Báyìí ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ṣe bẹ̀rẹ̀. Malcolm X náà, tí ó ti lo oògùn olóró kí ó tó lọ sẹ́wọ̀n ní 1946, ròyìn nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí ó jáde ní 1965 bí àwọn tí wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀ ní Harlem ṣe ń padà lọ wá àwọn ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́, tí wọ́n sì ń dúró tì wọ́n ní ọ̀sán àti ní òru nígbà tí ara bá ń gbọ̀n wọ́n.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní orúkọ ẹ̀sìn

Nítorí náà, ó yẹ kí ojú tì wá nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2019. Ní oṣù Kẹsàn-án, ní Kàdúná, ọlọ́pàá bá ọgọ́ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti ọmọdékùnrin nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú àti àtúnṣe ìwà. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Ní oṣù Kọkànlá, ní Òjòó ní Ìbàdàn, wọ́n kó ènìyàn 259 jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe Mùsùlùmí nìkan ni ó ń ṣe é. Àjọ Human Rights Watch rí irú rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Jésù àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n tiwa ni kí a kọ́kọ́ sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n dè yìí, ìyá àti bàbá wọn ni ó mú wọn lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti sú wọn, tí wọn kò sì rí ẹni tí yóò bá wọn jókòó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ titun tí ó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́. Òfin náà fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́. Ó kù kí àdúgbò fún un ní ìjókòó.

Ohun tí jíjókòó jẹ́

Kí ni ó wà nínú jíjókòó yìí? Èkíní, kí a mọ̀ pé àìsàn ni, kì í ṣe orí kunkun. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ó gba ìtọ́jú bárakú, 40 sí 60 ni ó lè tún padà sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe lè padà sí ẹni tí ó pa oògùn rẹ̀ tì. Ẹni tí ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i kò tíì sọnù.

Èkejì, kí a má ti ẹnikẹ́ni mọ́lé kí ó lè jáwọ́ ní ọ̀sán kan òru kan. Ẹni tí ó ti ń mutí gidi fún ọjọ́ pípẹ́, bí ó bá dá a dúró lójijì láìsí dókítà, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ọsibítù ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ. Bákan náà, ẹni tí ó ti fi kódíìnì tàbí tìrámádọ̀ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, bí ó bá padà lo iye tí ó ń lò tẹ́lẹ̀, ó lè pa á, nítorí pé ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ìdí nìyí tí dókítà fi sọ fún ìyá ẹlẹ́ja pé kí ọmọ náà má dá wà.

Ẹ̀kẹta, kí a fún un ní iṣẹ́, kí a sì máa pè é ní orúkọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní "ọmọ igbó" ní ojúde mọ́ṣáláṣí.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, ìyá náà tún wá sí àsàlátù. Àwa mẹ́rin ti pín ọjọ́ láàrin ara wa. Bàbá tí ó sọ̀rọ̀ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ni ó mú ọjọ́ Jímọ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀, a kò sì bi í. Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ó rọrùn. Ọmọ náà padà sí ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní àkókò ọdún Iléyá, kò sì wálé fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí ó dé, ìyá rẹ̀ bu omi fún un kí ó wẹ̀, ẹni tí ó ni ọjọ́ náà nínú wa sì wá jókòó bí ti tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ó ti ń bá ìyá rẹ̀ gbé agbọ̀n ẹja lọ sí ọjà láàárọ̀, ó sì ti mú ọ̀kan nínú àwọn tí ń súfèé fún un lẹ́yìn fèrèsé wá bá wa.

Kí Ọlọ́hun Ọba má ṣe jẹ́ kí a fi ọmọ wa sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó nílò wa. Àmín.